Fi Igi Kún Un, Má Yọ Irin Kúrò: Bí A Ṣe Ń Tún Ẹ̀rọ Oníná Ṣe fún Iṣẹ́ Igi

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sákúlà, ayùn oníná tí bíléèdì rẹ̀ róbótó, kò mọ̀ bóyá ẹni tí yóò rà á ń kan òrùlé ni tàbí ó ń ṣe wọ́dúróòbù. Ohun tí gbogbo ènìyàn lè gbé ni wọ́n máa ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí sákúlà tuntun fi sábà máa ń bá bíléèdì eléyín 24 wá. Ó yá lára igi òrùlé, àmọ́ tí ẹ bá fi gé MDF (bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi igi tí wọ́n lọ̀ kúná àti gọ́ọ̀mù tẹ̀) tí wọ́n lẹ fínía, awọ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mọ́, etí rẹ̀ á rún bí ẹni pé eku jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni jígísọ́ọ̀, ayùn oníná tí bíléèdì rẹ̀ ń lọ sókè-sódò, àti ráútà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ojú àti etí igi: iṣẹ́ tiwa ló kù kí a tó lè fi wọ́n ṣe ilẹ̀kùn tó bá férémù mu.

Òfin kan ni mo fi ń ṣe àtúnṣe, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́: igi ni a ń fi kún ẹ̀rọ, a kì í yọ irin kúrò lára rẹ̀. Igi tó ń darí ẹ̀rọ, igi tó ń gbé e dúró, igi tó ń tẹ ojú pákó mọ́lẹ̀ kó má baà fàya: ibẹ̀ ni èrè wà. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀rọ ti gé ìka rẹ̀ rí ní àdúgbò yín, kí ẹ béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ óò gbọ́ pé wọ́n fi wáyà de ìbòrí bíléèdì sókè, tàbí wọ́n tú gáàdì gíráńdà kí bíléèdì tó tóbi jù ú lọ lè wọlé, tàbí wọ́n fi rọ́bà so súwìṣì kí ọwọ́ lè sinmi. Tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ tú u lónìí kí ẹ tó ka ìyókù.

Kí ẹ sì yọ wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fọwọ́ kan bíléèdì tàbí bíìtì èyíkéyìí. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ oníbátìrì ni, bátìrì ni kí ẹ yọ. Súwìṣì nìkan kò tó, ìka tó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ kò ní sọ fún yín tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ iná wò

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, tòkunbọ̀ ni. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, iná 120 volt ló ń jẹ, bẹ́ẹ̀ iná tiwa 230 ni. Èyí tó ti Ìlú Ọba wá gba àkíyèsí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná ilé wọn bá tiwa mu, àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, 110 volt ni wọ́n ń lò, ẹnu wáyà ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ yẹ́lò pẹ̀lú irin róbótó mẹ́ta. Tí ẹ bá ra ẹ̀rọ tí ẹnìkan ti gé ẹnu rẹ̀ kúrò tó sì fi ẹnu onírin pẹlẹbẹ sí i, ẹ má tíì fi bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀rọ náà ná. Mọ́tò 110 tó bá fẹnu kan iná 230 kì í pẹ́ kó tó jó.

Tiransífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ ni ojútùú, àmọ́ ẹ má ra kékeré. Sákúlà tí wọ́n kọ 15 amp sí lára ń jẹ nǹkan bíi 1,800 watt nígbà iṣẹ́, ohun tó sì ń fà ní ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tiransífọ́mà 2,000 á máa gbóná, 3,000 á sinmi. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹnì kan lè fọwọ́ kan gbé kò ní lè gbé sákúlà bẹ́ẹ̀, kí ẹ má dán an wò rárá, torí iná tí kò tó náà máa ń jó mọ́tò.

Ẹ̀rọ aláfọwọ́gbé tó ń lo káábọ̀nù kò bìkítà nípa pé iná wọn ń yí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (60 Hz) tí tiwa ń yí ní 50. Ẹ̀rọ ńlá orí tábìlì tí kò ní káábọ̀nù ló máa mọ̀ ọ́n: mọ́tò tó ń yí ní ìgbà 3,450 láàárín ìṣẹ́jú kan lọ́hùn-ún á máa yí ní nǹkan bíi 2,850 níbí. Àìsàn kọ́ nìyẹn, bí iná wa ṣe rí ni. Ẹ máa ti pákó sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ, torí mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60 nìkan lè gbóná jù lórí 50.

Ní ti wáyà ẹkisitẹ́ǹṣàn, tí ẹ bá ń fa iná láti iwájú ilé dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ lo wáyà 2.5. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tan gílóòbù máa ń jẹ iná lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ á rẹ̀, ẹ óò sì rò pé bíléèdì ló kú. Kí ẹ tú u sílẹ̀ tán kúrò nínú ìkáwé rẹ̀ pẹ̀lú, torí wáyà tó ká jọ máa ń gbóná.

Bíléèdì

Kò sí àtúnṣe tó rọrùn tó èyí. Fún pláìwúdù àti bọ́ọ̀dù, ẹ wá bíléèdì eléyín 40 sí 60 fún sákúlà 7¼ ínǹṣì. Ẹ fi eléyín 24 pamọ́ fún yíya pákó ní òòró, nítorí pé eyín púpọ̀ nínú igi apá tàbí ìrókò tó nípọn á kàn máa jó igi ni, kò ní rí àyè da èérún nù. Mo gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìrókò níyànjú pé kó ní bíléèdì àtijọ́ kan tó yà sọ́tọ̀ fún un. Ìrókò máa ń kó èròjà kálísíọ̀mù tó ti dì bí òkúta jọ sínú ara rẹ̀, ojú kì í sì rí i láti ìta. Eyín tuntun tó bá kọlù ú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ ka nǹkan méjì lára bíléèdì kí ẹ tó sanwó. Èkíní ni ihò àárín. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 5/8 ínǹṣì, nǹkan bíi mìlímítà 16. Ti Yúróòpù lè jẹ́ 20 tàbí 30. Tí ihò bá tóbi ju ọ̀pá ẹ̀rọ lọ, òrùka wà tí wọ́n ń tà tó ń dín in kù. Tí ihò bá kéré jù, ẹ fi bíléèdì náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kí ẹ má gbé e lọ kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, torí ihò tí kò bá sí láàárín gan-an á mú kí bíléèdì máa gbọ̀n, bíléèdì tó ń gbọ̀n ní eré yẹn lè fọ́. Èkejì ni eré. Sákúlà 7¼ sábà máa ń yí ní ìgbà 5,000 sí 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Iye tí wọ́n kọ sára bíléèdì gbọ́dọ̀ ju iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dì í tán, ẹ wo bóyá ó rìn lọ́gbọọgba pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí eyín kan, ẹ wọn ibi tó wà sí etí àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú, ẹ wá fọwọ́ yí i dé ẹ̀yìn kí ẹ wọn eyín kan náà. Tí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ dẹ sikúrù tó so àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó bá ṣeé dẹ̀, ẹ tì í sọ́tùn-ún tàbí sósì, kí ẹ tún un dì. Bíléèdì tó wọ́ nídìí ló ń fa ojú igi dúdú, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tapá padà sí àyà ènìyàn.

Igi ìdarí fún sákúlà

Àwọn kan máa ń lẹ pláìwúdù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ sákúlà, wọ́n á jẹ́ kí bíléèdì fúnra rẹ̀ gé ihò tó bá a mu géérégé, kí igi lè tẹ ojú pákó mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín. Ọgbọ́n náà dára, sákúlà kọ́ ló wà fún. Ìbòrí ìsàlẹ̀ nípọn ju bíléèdì lọ. Tí ihò bá ti há, ìbòrí náà kò ní lè padà bo bíléèdì nígbà tí ẹ bá gígé tán, eyín tó ṣì ń yí lẹ óò sì gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan yín. Ẹ gbé ìrànlọ́wọ́ náà kúrò lára ẹ̀rọ, kí ẹ fi sára igi ìdarí. Igi yìí á mú sákúlà rìn ní ọ̀nà tó gún, etí rẹ̀ á sì tẹ ojú bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ níbi tí eyín ti ń jáde.

Ohun tí ẹ nílò: pláìwúdù tàbí MDF mìlímítà 6, fítì 8 ní gígùn, ínǹṣì 14 ní fífẹ̀, ọ̀já pláìwúdù mìlímítà 12, fítì 8 náà ní gígùn, ínǹṣì 3 ní fífẹ̀, gọ́ọ̀mù igi, sikúrù mìlímítà 16, kíláàǹpù (irin tó ń di igi mú) méjì. Pákó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ọjà igi Bódìjà ní Ìbàdàn tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ kò ṣeé lò fún èyí. Á yí kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

1. Ẹ gé ọ̀já ínǹṣì 3 náà láti etí pláìwúdù tí ilé iṣẹ́ gé, kí etí ilé iṣẹ́ yẹn wà lára rẹ̀, torí òun ló sábà máa ń gún jù nínú gbogbo bọ́ọ̀dù. Ẹ dán an wò: ẹ fi fa ìlà sórí bọ́ọ̀dù, ẹ yí ojú rẹ̀ dé, kí ẹ tún fi etí kan náà fa ìlà sórí ti àkọ́kọ́. Tí ìlà méjèèjì bá di ọ̀kan, ó gún. Tí àyè bá wà láàárín wọn, ẹ wá òmíràn.

2. Ẹ wọn sákúlà láti bíléèdì dé etí àtẹ́lẹsẹ̀ níhà tí mọ́tò wà. Ẹ fi ínǹṣì kan tàbí méjì kún un. Iye yẹn ni ẹ óò fi sílẹ̀ níwájú ọ̀já náà lórí bọ́ọ̀dù mìlímítà 6. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀já ni ibi tí kíláàǹpù máa jókòó sí. Kí ó tó ínǹṣì 4, kí mọ́tò má baà kọ lu kíláàǹpù bí ó ti ń lọ.

3. Ẹ sọ bíléèdì sákúlà kalẹ̀ tán kí ẹ wo abẹ́ mọ́tò. Tí kò bá ní lè kọjá lórí ọ̀já mìlímítà 12, ẹ lo èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

4. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀já mọ́ bọ́ọ̀dù, etí tó gún kọjú sí ibi tí sákúlà yóò máa gbà. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti fi sikúrù dì í, kí orí sikúrù rì wọ inú igi. Mìlímítà 16 kò ní yọ sókè lára ọ̀já mìlímítà 12. Tí ọ̀já yín bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lo sikúrù tó kúrú jù ú. Ẹ nu gọ́ọ̀mù tó bá ṣàn jáde síhà iwájú kó tó gbẹ. Gọ́ọ̀mù tó dì síbẹ̀ á máa ti sákúlà kúrò lójú ọ̀nà ní ibì kan náà nígbà gbogbo, ẹ ò sì ní mọ ohun tó fà á. Kó sùn di ọjọ́ kejì.

5. Ẹ kíláàǹpù rẹ̀ mọ́ tábìlì kí etí iwájú yọ sí ìta. Ẹ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sákúlà ti ọ̀já náà, kí ẹ gé gbogbo fítì 8 náà ní ìgbà kan láìdúró. Ohun tó kù lẹ́yìn gígé yìí ni òpin ibi tí bíléèdì yín ń dé. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ ò ní ṣírò mọ́ pé ó kù ínǹṣì mélòó láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé eyín.

6. Ẹ fi àbẹ́là ra ojú ọ̀nà náà kó lè máa yọ̀. Ẹ fi máákà kọ orúkọ bíléèdì tí ẹ fi gé e sẹ́yìn rẹ̀. Bíléèdì tó nípọn jù ú lọ á tún etí náà jẹ, ti tẹ́ẹ́rẹ́ á sì fi àyè sílẹ̀.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ sàmì sí òpin méjèèjì ibi tí ẹ fẹ́ gé, ẹ gbé etí igi ìdarí lé àmì náà, kó dùbúlẹ̀ sórí apá tí ẹ máa lò, kí apá tí ẹ máa jù nù wà ní ìta. Ẹ ti kíláàǹpù. Ẹ rántí fi mìlímítà 6 kún jíjìn bíléèdì, kí eyín sì yọ ní abẹ́ bọ́ọ̀dù ní nǹkan bíi mìlímítà 5. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ṣe iṣẹ́ kankan, ewu ló ń pọ̀ sí i. Ẹ to pákó mẹ́rin sábẹ́ bọ́ọ̀dù, méjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan ibi tí ẹ ń gé, kí apá kankan má wó kó sì fún bíléèdì pọ̀. Apá tó wà ní ìta igi ìdarí ṣì lè rún díẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lo òun náà, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ là á lórí ìlà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tí ẹ ti ń dojú sákúlà dé lábẹ́ tábìlì láti fi sọ ọ́ di ẹ̀rọ ìlagi: ẹ ṣe igi ìdarí yìí ná. Lábẹ́ tábìlì, ìbòrí ìsàlẹ̀ kò wúlò mọ́, kò sí irin tó ń ya igi sọ́tọ̀ lẹ́yìn bíléèdì, súwìṣì sì gbọ́dọ̀ wà ní dídè kó tó lè ṣiṣẹ́. Nǹkan mẹ́ta lẹ gbà kúrò lára ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ fi tábìlì ṣe lórí bọ́ọ̀dù, igi ìdarí á ṣe é.

Jígísọ́ọ̀

Ibí ni pláìwúdù abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ti bá a mu, torí jígísọ́ọ̀ kò ní ìbòrí tó ń lọ tó ń bọ̀. Eyín rẹ̀ ń gé nígbà tó bá ń gòkè, ìdí nìyẹn tí ojú òkè fi máa ń fàya. Ẹ gé pláìwúdù mìlímítà 3 sí 4 tó gbà ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ díẹ̀, ẹ fi tépù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu epo kúrò. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi jígísọ́ọ̀ gé ọ̀nà láti etí iwájú rẹ̀ wọ àárín, kí ẹ dúró níbẹ̀, kí bíléèdì wà nínú ọ̀nà tó gé fúnra rẹ̀. Ẹ yí bọ́tìnnì tó ń mú bíléèdì sọ síwá-sẹ́yìn sí òdo. Kò ní yára mọ́, àmọ́ etí á mọ́. Tí ẹ bá pààrọ̀ bíléèdì sí èyí tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun, owó ẹ̀ ò tó nǹkan.

Ìfági oníná

Àwọn tó wọ́pọ̀ ń fá mìlímítà 82. Wàhálà rẹ̀ ni pé etí ilẹ̀kùn kì í dúró sukuáyà, torí ọwọ́ á máa yẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní irin ìdarí kékeré tàbí ihò tí wọ́n fi ń dì í. Ẹ wá ọ̀gànwó gbígbẹ tó nípọn tó mìlímítà 18, ínǹṣì 12 ní gígùn, ínǹṣì 3 ní gíga, kí ẹ fi sikúrù dì í mọ́ irin náà. Ẹ gbé sukuáyà sí igun àtẹ́lẹsẹ̀ àti igi náà. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín wọn kọjá, ẹ fi bébà ká a nídìí títí yóò fi dúró. Kí sikúrù kankan má ṣe gùn dé ibi tí ọ̀bẹ ti ń yí. Ẹ fọwọ́ yí ọ̀bẹ náà kí ẹ rí i pé kò kan ohunkóhun kí ẹ tó fi iná sí i.

Tábìlì ráútà

Tí mo bá ní kí n mú àtúnṣe kan ṣoṣo fún ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì, èyí ni. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ráútà kò lè jókòó lé lórí láìmì, lórí tábìlì, pákó náà lẹ óò máa tì, ẹ̀rọ á dúró. Kò dà bíi ti sákúlà tí a dojú rẹ̀ dé. Ráútà kò ní ìbòrí tó ń yí tí a máa pàdánù, àwọn tó ń ṣe é náà sì máa ń ta tábìlì fún un.

Ẹ lo MDF mìlímítà 18, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní fífẹ̀, méjì àbọ̀ ní gígùn. Ẹ tú ike pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ráútà, òun la máa fi ṣe àpẹẹrẹ ihò. Ẹ gbé e sábẹ́ tábìlì, ẹ sàmì sí ihò sikúrù kọ̀ọ̀kan àti ihò àárín. MDF mìlímítà 18 nípọn jù fún bíìtì láti yọ sókè dáadáa, nítorí náà ẹ gbẹ́ abẹ́ tábìlì wọlé níbi tí ráútà máa jókòó sí, kó ku mìlímítà 9 tàbí 10. Ráútà fúnra rẹ̀ lẹ lè fi gbẹ́ ẹ. Sikúrù tó wà tẹ́lẹ̀ á kúrú. Ẹ mú un dání lọ sí ọjà kí ẹ fi wá èyí tó gùn jù ú tí okùn ara rẹ̀ (ìlà tó yí i ká) bára mu. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rì sínú tábìlì.

Igi ìdarí ti tábìlì yìí jẹ́ pákó méjì tí a kàn ní igun, tí a gbẹ́ ẹnu sí láàárín kí bíìtì lè farapamọ́ sínú rẹ̀. Kíláàǹpù kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, ó parí. Kò pọn dandan kó bá etí tábìlì dọ́gba, torí bíìtì róbótó ni, ibi tó bá kọjú sí dára.

Ẹ ṣe ìyàrun onígi kan kún un. Ẹ mú pákó tí iṣan ara rẹ̀ lọ tààrà, ẹ gé orí rẹ̀ ní ìgun 30 dígírì, kí ẹ fi ayùn là á ní òòró ní ìwọ̀n ínǹṣì méjì àbọ̀, kí ìka kọ̀ọ̀kan tó mìlímítà 5. Ìka wọ̀nyẹn á máa tẹ pákó mọ́ igi ìdarí, á jẹ́ kó lọ síwájú, á sì dènà rẹ̀ tó bá fẹ́ padà sẹ́yìn. Ẹ dì í sí ìhà tí pákó ti ń wọlé, kó tó dé ibi tí bíìtì wà, ẹ má dì í kọjú sí bíìtì gan-an.

Ọ̀nà tí ẹ óò gbà ti pákó ni kí ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ ṣáájú ohun gbogbo. Tí ẹ bá dúró níwájú tábìlì, tí igi ìdarí wà lọ́ọ̀ọ́kán, láti ọ̀tún lọ sí òsì ni. Ẹ fa ọfà síbẹ̀ pẹ̀lú máákà kí ojú má baà gbàgbé. Tí ẹ bá tì í láti òsì, bíìtì á já a gbà lọ́wọ́ yín, á sì fa ọwọ́ tẹ̀lé e. Ẹ má sì ṣe ki pákó sí àárín bíìtì àti igi ìdarí láé. Tí ìka bá máa fi ínǹṣì díẹ̀ súnmọ́ bíìtì, igi ni kí ẹ fi tì í.

Nígbà tí ẹ bá ń fi bíìtì sí i, ẹ tì í wọlé dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fà á padà ní mìlímítà 2 tàbí 3 kí ẹ tó fún un. Tó bá kan ìsàlẹ̀, ẹnu tó ń dì í mú kò ní fún dáadáa, á máa yọ́ jáde bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ní ti eré, bíìtì tí kò tó ínǹṣì kan ní fífẹ̀ lè sá ní 22,000. Èyí tó tó ínǹṣì méjì, ẹ dín in kù sí nǹkan bíi 16,000. Tó bá tó mẹ́ta, 12,000. Ráútà kékeré tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ¼ ínǹṣì kò wà fún bíìtì ńlá, bó ti wù kí ẹ dín eré rẹ̀ kù tó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí súwìṣì. Lábẹ́ tábìlì, súwìṣì ráútà á máa wà ní títàn. NẸ́PÀ mú iná lọ, ẹ bọ́ síta láti bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ọmọ iṣẹ́ ń nu orí tábìlì, iná dé. Bíìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ra súwìṣì onímágínẹ́ẹ̀tì tó ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá lọ, tí kò sì ní tàn títí ẹnìkan yóò fi tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń ta ohun èlò ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìlagi ní i. Ẹ jẹ́ kí oníwáyà bá yín dì í sí iwájú tábìlì, níbi tí orúnkún lè ti pa á. Tí owó rẹ̀ kò bá tíì sí lọ́wọ́, ẹ má tíì lo tábìlì náà.

Eruku

IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995. Imú àti ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bá jà. Eruku igi màsóníà máa ń ta imú àti awọ ara, ti ìrókò náà máa ń fa ara yíyún àti ikọ́ fún àwọn kan. A ò gbọdọ̀ máa wò ó bí ohun tí iṣẹ́ wa ní láti ṣe fún wa.

Ẹnu ìtúèérún wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, họ́ọ̀sì fákúùmù ni kì í bá a mu. Ẹ gé tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní ínǹṣì 4, ẹ fi bọ ẹnu méjèèjì kí ẹ fi irin ìfúnmọ́ dì í. Ó ń fẹ̀, ó ń sún, ó sì ń tẹ̀ lé ọwọ́. Ní tábìlì ráútà, ẹ kan àpótí kékeré sẹ́yìn ẹnu igi ìdarí, kí ẹ gbẹ́ ihò tó bá họ́ọ̀sì mu sí i lẹ́yìn. Ẹ má dí ihò tí mọ́tò fi ń mí. Kí ẹ sì máa lo ìbomú tó fún mọ́ ojú. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò dá eruku kíkúná dúró.

Gíráńdà

Àwọn kan máa ń fi bíléèdì sákúlà sí gíráńdà láti fi gé igi. Gíráńdà 4½ ínǹṣì ń yí ní nǹkan bíi 11,000. Bíléèdì sákúlà 7¼ kò ní irú eré bẹ́ẹ̀ lára, kò sì lè wọlé àyàfi tí a bá tú gáàdì. Èyí tó kéré tó lè wọlé pàápàá, gíráńdà kò ní àtẹ́lẹsẹ̀ tó máa jókòó lé igi, ọwọ́ nìkan ló ń gbé e. Tí eyín bá há, ọrùn àti itan ló sábà máa ń kọjú sí. Ẹ fi dísìkì oníbébà fá ìjókòó àga pẹ̀lú rẹ̀, gáàdì rẹ̀ lórí, ọwọ́ méjì lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwúlò rẹ̀ mọ lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Dírílù

Tépù tí a ń wé mọ́ bíìtì láti fi mọ ibi tó yẹ kí ihò dúró máa ń yọ́ sókè, lẹ́yìn ihò mẹ́wàá ó ti parọ́. Ẹ mú ègé igi kan, ẹ lu ihò já a láti orí dé ìdí, kí ẹ fi bíìtì gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì gé igi náà títí ohun tó yọ lẹ́nu rẹ̀ yóò fi jẹ́ jíjìn ihò tí ẹ fẹ́. Tí ègé náà bá kan pákó, dírílù ò lè lọ síwájú mọ́. Tí ẹ bá rí aládùúgbò tó ní dírílù onídúró, ẹ ní kó bá yín lu ihò náà, á jẹ́ kó gún. Ẹ óò lè máa fi ègé kan náà lu ihò fún ẹsẹ̀ àga láìwọ́. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún bíìtì kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń lò jù, ẹ kọ jíjìn rẹ̀ sí i lára, kí ẹ fi okùn so wọ́n mọ́ àpótí dírílù.